Ẹnu Aboyún Nínú Ìtàn Ìtọ́jú Ìyá àti Ọmọ: Àpẹẹrẹ Láti Ìwó

Bí obìnrin bá lóyún ní ilẹ̀ Yorùbá, tí oyún náà sì hàn, àdúrà tí tọmọdé tàgbà yóò máa ṣe fún un ni pé kí ó bí i tibi-tire, kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Gbólóhùn yìí ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó tún ń ronú sí i. Ọmọ ni ire tí àdúrà náà ń sọ. Ibi tí ó ń sọ ni ibi-ọmọ, èyí tí í máa ń tẹ̀lé ọmọ jáde, tí àwọn àgbà sì ń sin tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwọn tí wọ́n dá irú àdúrà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ mọ̀ pé a kì í bí ọmọ nìkan, àti pé bí ibi kò bá dára, inú ewu ni ire pàápàá wà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ẹnu aboyún. Mo ń sọ nípa eyín rẹ̀ àti èrìgì rẹ̀, ìyẹn ẹran tí ó di eyín mú, àti bí ìlera wọn ti kan ibi-ọmọ àti ọmọ. Àwọn kan yóò máa bi ara wọn léèrè pé kí ni ó gbé olùkọ́ lítíréṣọ̀ dé ìdí iṣẹ́ oníṣègùn. Èsì mi kò gùn. N kò wá kọ́ oníṣègùn ní iṣẹ́ rẹ̀. Ìtàn ni mo wá sọ, ìtàn bí a ti ṣe fi ẹnu sílẹ̀ nígbà tí a ń tọ́jú oyún. Púpọ̀ nínú ẹ̀rí ìtàn náà sì wà nínú èdè àti àṣà, níbi tí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ti ní ẹ̀tọ́ láti tú ẹrù wò.

Ìwó ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú tí oríkì rẹ̀ kì í gbàgbé odò Ọbà àti odídẹrẹ́, ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ sọ di olókìkí, kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ láti ayé Olúwo Mọ́mọ́dù Lámúyè, ẹni tí ó wàjà ní ọdún 1906. Mùsùlùmí tí ó bá fẹ́ kírun yóò ṣe àlùwàlá. Bí ó bá sì ṣe é bí ó ti yẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò bu omi yọ ẹnu. Bí ó bá ṣe èyí ní ìgbà márààrún tí a ń kírun lójúmọ́, ìgbà 15 ni omi yóò wọ ẹnu tí yóò sì jáde. Bí a bá tilẹ̀ yọ ti ẹ̀sìn kúrò, orín jẹ́ iṣẹ́ àárọ̀ tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Orín ata, pákò Ìjẹ̀bú, orín àyin: ẹni tí ó bá dé ọjà Odò-Orí yóò rí i pé àwọn ìyá olórín ṣì ń di orín ní ìdì-ìdì títí di òní, bí ọṣẹ ìfọyín inú ọ̀dà tilẹ̀ kún gbogbo ìsọ̀. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kò sì gbọdọ̀ la ẹnu kí àgbà ní òwúrọ̀ láìtíì fọ ẹnu. Ẹnu àìfọ̀ kò yẹ fún ìkíni, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ìwúre.

Níbi ti oyún ńkọ́? Kí àyẹ̀wò ìtọ̀ tó dé, ẹnu ni a fi ń mọ aboyún. Ìyàwó ilé tí ó bá ń tutọ́ léraléra, tí èébì ń gbé ní kùtùkùtù, tí oúnjẹ tí ó fẹ́ràn lánàá di ohun ìríra fún un lónìí, tí ó sì ń wá ohun kíkan tàbí amọ̀ kiri, àwọn ìyá ilé yóò wo ara wọn lójú, wọn yóò sì rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà lọ, púpọ̀ nínú òfin tí wọn yóò ṣe fún un, òfin ẹnu ni. Kò gbọdọ̀ jẹ ìgbín, kí ọmọ má baà máa da itọ́ lẹ́nu. Ìgbín kò jẹ̀bi ẹ̀sùn yìí o. Oúnjẹ aṣaralóore ni, ó sì ṣe aboyún láǹfààní ju ọ̀pọ̀ ohun tí a ń rà fún un lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo èrò tí ó wà lẹ́yìn òfin náà. Ẹni tí ó ṣe é gbà pé ọ̀nà kan wà láti ẹnu ìyá dé ara ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀. Èrò yìí kò jìnnà sí òtítọ́ tó bí àwọn ọ̀làjú ìgbà kan ti rò. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí ń gba ẹnu wọlé nìkan ni ó ń ṣọ́. Kò ṣọ́ ẹnu fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn wà nínú orúkọ. Nínú ìwé The History of the Yorubas, tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní ọdún 1897, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah, tí òun jẹ́ dókítà oníṣègùn, sì mú jáde ní ọdún 1921, a rí àwọn orúkọ àmútọ̀runwá tí ó ń ròyìn bí ọmọ ti ṣe wá sáyé. Ìgè fi ẹsẹ̀ wá. Àjàyí dojú bolẹ̀. Òjò àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́rùn. Ọmọ́pẹ́ pẹ́ nínú ìyá rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Gbogbo wa ni a mọ Ọmọ́pẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ orúkọ ọmọ tí ó yá ju bí ó ti yẹ lọ? Láàárín àwọn àmútọ̀runwá tí a sábà máa ń kà, kò sí ẹni tí ó dúró fún un. Mo ti ronú lórí èyí fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ìkòkò ni a ń fi irú rẹ̀ sin, ìyá rẹ̀ a máa sunkún ní ìkọ̀kọ̀, àwọn ará ilé a sì wádìí lọ́dọ̀ babaláwo bóyá àbíkú ni. Àìsí orúkọ yìí jẹ́ àkọsílẹ̀ ìbànújẹ́ tí ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Kò sì tíì di ìtàn àtijọ́: nínú ìṣirò tí àjọ àgbáyé ṣe fún ọdún 2010, ọmọ bí 773,600 ni a bí láìpé oṣù ní Nàìjíríà nínú ọdún kan ṣoṣo. Orílẹ̀-èdè Íńdíà àti Ṣáínà nìkan ni ó ṣáájú wa.

Ìyá tí ó bí ìyá mi sọ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé pé ọmọ kọ̀ọ̀kan tí òun bí ni ó gba eyín kan lọ́wọ́ òun. Ó bí mẹ́jọ. Ó sì máa ń ka ihò inú ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìyá àgbà ará Ìwó nìkan. Àwọn ará Yúróòpù náà ti ń sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ pé ọmọ kan, eyín kan, wọ́n sì rò pé ọmọ inú ni ó ń fa egungun eyín ìyá rẹ̀ mu láti fi kọ́ egungun tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kì í fa ohunkóhun yọ lára eyín. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí oyún bá ti ń dàgbà, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní hòmóònù a máa pọ̀ sí i, èrìgì a sì máa wú, a pupa, a máa ṣẹ̀jẹ̀ bí orín bá kàn án. Àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé nínú aboyún 100, bí 60 sí 75 ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Bí ìyá bá ti ní àrùn èrìgì tẹ́lẹ̀, yóò le sí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe ni ó pa orín tì nítorí pé ó ń mú un bì tàbí nítorí ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀, eyín yóò mì, yóò sì jábọ́. Ìyá àgbà rí ohun tí ó rí dájúdájú. Ọmọ ni ẹ̀sùn náà kò tọ́ sí.

Báwo wá ni ó ṣe jẹ́ pé nígbà tí ọsibítù dé, kò sí ẹni tí ó bi ìyá àgbà léèrè nípa ẹnu rẹ̀? A ó ní láti kúrò ní Ìwó fún ìgbà díẹ̀ kí a tó rí ìdáhùn. Ní ọdún 1840 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín àkọ́kọ́ ní ayé sílẹ̀ ní Baltimore ní Amẹ́ríkà. Ohun ire ni, nítorí pé ó gba eyín kúrò lọ́wọ́ àwọn onígbàjámọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ẹnu ti bẹ̀rẹ̀ sí í yapa kúrò lára ìyókù ara. Oníṣègùn ara ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, oníṣègùn eyín ní tirẹ̀. Ìwé tí èyí kà, èyíinì kò kà á.

Àwọn kan gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀ padà. Ní ọdún 1891, W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, kọ̀wé pé kòkòrò àìfojúrí láti ẹnu lè rìn lọ dá àrùn sílẹ̀ ní ibòmíràn. Ní ọdún 1910, oníṣègùn ará Ìlú Ọba, William Hunter, gbé irú ọ̀rọ̀ náà ka iwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Montreal ní Kánádà, ohùn rẹ̀ sì le. Àbájáde rẹ̀ burú. Fún nǹkan bí ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń yọ eyín ènìyàn bí ẹní ń yọ ẹ̀gúsí, wọ́n ní àwọn ń wo làkúrègbé, àwọn ń wo wèrè. Nígbà tí ó hàn pé eyín lọ, àìsàn kò lọ, ojú ti àwọn oníṣègùn, wọ́n sì pa gbogbo ọ̀rọ̀ náà tì, àti èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ níbẹ̀ àti èyí tí ó jẹ́ àsọdùn.

Àkókò yìí gan-an ni ìṣègùn òyìnbó ń ta gbòǹgbò lọ́dọ̀ wa. Ọdún 1907 ni Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen ti Ìwó wà lónìí. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láti bí ọdún 1957, Dókítà David Morley tí ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọsibítù Wesley Guild ti Iléṣà fi káàdì lé àwọn ìyá lọ́wọ́, lórí èyí tí a ń ya ìwọ̀n ọmọ sí láti oṣù dé oṣù. Káàdì náà gba gbogbo ayé kan. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, nítorí pé ó fi hàn pé ìyá tí kò mọ̀wé lè tọ́jú ìwé tí ó sì lè lóye rẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí tí a kọ́ ní ọsibítù náà kẹ́kọ̀ọ́ láti máa fọwọ́ kan ikùn, láti máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, láti máa wo ìtọ̀ àti ẹsẹ̀ wíwú. Iṣẹ́ wọn gba ẹ̀mí là lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ wọn, nítorí pé kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ wọn. Ta ni yóò sì kọ́ wọn? Kí ọdún 1970 tó wọlé díẹ̀ ni Yunifásítì Èkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ oníṣègùn eyín. Ìbàdàn àti Ifẹ̀ tẹ̀ lé e kí ọdún 1980 tó pé. Ṣáájú ìgbà náà, òkè òkun ni ọmọ Nàìjíríà ń lọ kí ó tó lè di dókítà eyín. Ilé àgbẹ̀bí àwọn ìjọ Aládùúrà àti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ kò yàtọ̀ ní ti èyí: àdúrà wà, àgbo wà, ẹnikẹ́ni kì í la ẹnu aboyún wò.

Ọdún 1996 ni ọ̀rọ̀ náà tún jí. Steven Offenbacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní North Carolina wo ẹnu ìyá 124, wọ́n sì rí i pé àwọn tí àrùn èrìgì wọn le ní ewu bíbí ọmọ kékeré láìpé oṣù tó ìlọ́po méje ti àwọn yòókù. Ariwo ta. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ní Ṣílè tọ́jú èrìgì àwọn aboyún nínú ìwádìí kan tí ó kó 400 obìnrin jọ, ọmọ àìpé-oṣù sì dín kù. Ó dà bí ẹni pé a ti rí ojútùú. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún obìnrin 823 ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2006, èrìgì àwọn ìyá sàn, ṣùgbọ́n ìbímọ kò yí padà: 12.0 nínú 100 ni ó bí láìpé oṣù nínú àwọn tí a tọ́jú, 12.8 nínú àwọn tí a kò tíì tọ́jú. Ní ọdún 2009, Offenbacher fúnra rẹ̀ ṣe èyí tí ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ. Òun náà kò rí ìyàtọ̀.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí a rọra. Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé ẹnu kò kan oyún. Ẹlòmíràn yóò di etí, yóò sì máa bá ìdẹ́rùbà rẹ̀ lọ, pé ìyá tí ó bí ọmọ láìpé oṣù ni kò fọ ẹnu. Èkejì yìí ni mo kórìíra jù. Obìnrin tí a ti fi àbíkú dẹ́rù bà tẹ́lẹ̀ kò nílò ẹ̀sùn tuntun. Ìwádìí wọ̀nyí kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti dá ìyá kankan lẹ́bi. Ìbà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìjẹunkánú àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó wà lára ohun tí ń lé ọmọ jáde ṣáájú ọjọ́.

Síbẹ̀, ọ̀nà láti ẹnu dé ibi-ọmọ wà. Ní ọdún 2010, Yiping Han ti Cleveland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn obìnrin kan tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ nígbà oyún, tí ó sì bí òkú ọmọ bí oṣù tilẹ̀ pé. Kòkòrò àìfojúrí kan tí í máa ń gbé inú èrìgì, Fusobacterium nucleatum, ni wọ́n bá nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà. Ọ̀kan náà gan-an ni wọ́n sì bá lẹ́nu ìyá. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó gbà dé ibi-ọmọ. Ní ọdún 2014, Kjersti Aagaard ti Houston lọ síwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó yẹ ibi-ọmọ 320 wò, ó ní àwọn kòkòrò tí ó wà níbẹ̀ jọ ti ẹnu ju ti ibikíbi lọ lára. Ní ọdún 2019 àwọn ará Cambridge wo ti ìyá 537, wọ́n sì kọ̀ ọ́ lẹ́nu: ibi-ọmọ tí ara rẹ̀ dá kò ní kòkòrò tirẹ̀, bí kòkòrò bá dé ibẹ̀, àlejò ni, àlejò náà sì lè jẹ́ olè. Èmi gbà pé ti àwọn ará Cambridge yìí ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Kò sì tako ohun tí Han rí.

Aagaard yìí kan náà ni ó darí iṣẹ́ tí ó yẹ kí gbogbo Áfíríkà ti gbọ́. Ní Lilongwe, olú-ìlú Màláwì, 10,069 obìnrin ni ó wọ inú ìwádìí náà, kí oyún wọn tó pé 20 ọ̀sẹ̀ tàbí kí wọ́n tilẹ̀ tó lóyún. Gbogbo wọn ni a kọ́ ní ìtọ́jú ẹnu àti ti oyún. A wá fún apá kan ní ṣingọ́ọ̀mù tí a fi xylitol sí, irú ṣúgà kan tí kì í jẹ́ kí kòkòrò eyín gbèrú, pé kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nínú àwọn tí ó jẹ ẹ́, 12.6 nínú 100 ni ó bí láìpé oṣù. Nínú àwọn tí kò jẹ ẹ́, 16.5 ni. Èrìgì wọn pẹ̀lú sàn. Ó ṣeé ṣe kí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí àti ti Amẹ́ríkà jẹ́ ti àkókò: fífọ eyín lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ dókítà nígbà tí oyún ti lọ jìnnà kò dọ́gba pẹ̀lú ohun kékeré tí a ń ṣe lójoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kékeré tí a ń jẹ lẹ́nu láràárọ̀! Ẹni tí ó bá mọ orín yóò ti rẹ́rìn-ín. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, ní ọdún 1971, F. El-Said, S. O. Fadulu, J. O. Kuye àti Abáyọ̀mí Ṣófowóra tẹ ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé omi tí a fún lára orín wa ń dá kòkòrò àìfojúrí dúró. Orín ata tilẹ̀ gbé Ṣófowóra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé ìdí ìwádìí lórí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ṣùgbọ́n inú ìgò ni ti kòkòrò yẹn ti ṣẹlẹ̀, ìgò kì í sì í ṣe aboyún. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Lilongwe ni mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣe ní Ìwó pẹ̀lú orín. Yunifásítì wà nílùú, orín wà lọ́jà, aboyún kò sì wọ́n.

Eyín ọmọ pàápàá ń ṣe àkọsílẹ̀. Nígbà tí oyún bá wọ oṣù kẹrin ni eyín wàrà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í le nínú èrìgì ọmọ inú, ọjọ́ ìbí a sì fi ìlà tín-ín-rín kan sílẹ̀ lára rẹ̀ tí a lè fi ẹ̀rọ wò. Cyril Enwonwu, tí ó ṣe ìwádìí lórí eyín àti ẹnu àwọn ọmọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1970, tọ́ka sí i pé ipò tí òbí wà, ebi tàbí àjẹyó, a máa hàn lára bí eyín ọmọ ti ṣe hù. Ìwé ìtàn ni eyín jẹ́, inú ìyá ni a sì ti kọ ojú-ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, mo tẹ̀lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó lóyún lọ sí ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Eyín ń dùn ún, kò lè jẹun. Wọ́n ní kí ó fara dà á títí yóò fi bímọ, nítorí pé aboyún kì í ṣe eyín. Kò sí òtítọ́ nínú èyí. A lè yọ eyín aboyún, a lè dí ihò rẹ̀, a lè fọ èrìgì rẹ̀. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni ó rọrùn jù, ìwádìí ọdún 2006 tí mo mẹ́nu kàn sì fi hàn pé ìtọ́jú èrìgì kò pa oyún lára. Ohun tí ó lè pa á lára ni àrùn tí a fi sílẹ̀ kí ó di ọgbẹ́ ọlọ́yún. Bí ó bá bì ní òwúrọ̀, kí ó bu omi yọ ẹnu, kí ó sì ní sùúrù díẹ̀ kí orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó kan eyín rẹ̀, nítorí pé ohun kíkan inú èébì a máa sọ ojú eyín di rírọ̀. Bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀jẹ̀ pa orín tì.

Lórí káàdì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àyè wà fún ìwọ̀n ara, fún ẹ̀jẹ̀ ríru, fún ìtọ̀, fún ọjọ́ tí a retí ọmọ. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn. Ẹ̀yin agbẹ̀bí tí ẹ wà níjòókòó, ìbéèrè kan péré ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi kún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí obìnrin bá wá forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì la ẹnu rẹ̀ wò bí ó bá ti dáhùn: "Ìyàwó, ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde bí ẹ bá ń fọ ẹnu?"